Ìtọ́jú Eyín fún Ẹni tí Etí Rẹ̀ Máa Ń Hó: Ohun tí ó Yẹ ní Ṣíṣe Kí Ẹ̀rọ Tó Bẹ̀rẹ̀ sí Í Dún

Ẹni tí etí rẹ̀ ń hó tọ̀sán-tòru kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìdí tí yàrá dókítà eyín fi ń dẹ́rù bà á. Àwọn kan ń gbọ́ súfèé nínú etí, àwọn mìíràn ń gbọ́ kíkùn tàbí híhó, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohunkóhun níta tí ó ń dún. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rò ó pé wọn yóò tún gbé ẹ̀rọ tí ń ké sí ẹnu òun, ní ibi tí kò jìnnà sí etí rárá, ó máa ń rọrùn fún un láti sún ìtọ́jú síwájú, kí ó máa fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, kí ó sì máa gbé paracetamol mì. Sísún un síwájú yìí gan-an ni ó máa ń mú ariwo púpọ̀ wá níkẹyìn. Ihò kékeré tí a lè fi irin ọwọ́ gbẹ́ kí a sì dí ní ìjókòó kan ṣoṣo lè jẹ wọlé títí yóò fi dé inú eyín níbi tí iṣan wà. Bí ó bá sì ti dé ibẹ̀, ìtọ́jú gbòǹgbò eyín ni yóò kù, èyí tí ó ń gba dírìlì púpọ̀, tàbí kí wọ́n yọ eyín náà pátápátá.

Ohun tí ó ń dín ìyọnu kù fún ẹni tí etí rẹ̀ ń hó ni àdéhùn tí ó bá dókítà ṣe kí ó tó ya ẹnu: irú irin tí wọn yóò lò, bí ẹ̀rọ yóò ṣe pẹ́ tó lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, àti oògùn tí wọn kò ní kọ fún un. Òwú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé kò kó ipa kan tí ó tó nǹkan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀nà méjì tí ariwo ń gbà wọ etí

Dírìlì oníyára tí dókítà eyín ń lò, èyí tí afẹ́fẹ́ ń yí, máa ń yí tó 300,000 sí 400,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ibẹ̀ sì ni súfèé rẹ̀ ti ń wá. Ariwo rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 70 sí 90 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó. NIOSH, àjọ tí ó ń ṣe ìwádìí ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbà pé ènìyàn lè wà nínú ariwo 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 8 lójúmọ́, àti pé bí ariwo bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 lé sí i, kí a dín àkókò náà kù sí ìdajì: 88 jẹ́ wákàtí 4, 91 jẹ́ wákàtí 2, 94 jẹ́ wákàtí 1. Nínú ìtọ́jú eyín kan, ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ ni dírìlì fi ń dún gan-an. Dókítà tí ó ń gbọ́ ọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bẹ̀rù fún etí tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n òǹkà yẹn ka ariwo tí ó ń gba inú afẹ́fẹ́ wọ ihò etí nìkan. Ọ̀nà kejì wà, èyí tí ó gba inú egungun. Eyín fìdí múlẹ̀ sínú egungun párì. Egungun agbárí kan náà ni ó gbé etí inú dúró. Bí ẹ̀rọ bá kan eyín, gbígbọ̀n rẹ̀ ń gba inú egungun lọ tààrà sí etí inú, láìkọjá ní ihò etí rárá. Ẹ lè dán an wò nílé: ẹ jẹ gúgúrú díẹ̀, kí ẹ sì fi ìka dí etí méjèèjì bí ẹ ti ń jẹ ẹ́. Ariwo ìjẹun náà yóò ga sí i, kò ní lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òwú tàbí fóòmù tí a fi dí etí kò fi lè dá ariwo iṣẹ́ tí ń lọ lórí erìgì, ìyẹn eyín ńlá ẹ̀yìn ẹnu, dúró, tí ó sì lè mú kí ẹni tí etí rẹ̀ ń hó máa gbọ́ ariwo tirẹ̀ ketekete nítorí pé ó ti ti ohùn ayé mọ́ ìta.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ìdọ̀tí líle kúrò lára eyín tún ní ìwà tirẹ̀. Orí rẹ̀ ń gbọ̀n ní 25,000 ìgbà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó ga ju ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí ó ti ń kan eyín àti omi, ó ń mú ìró mìíràn jáde tí a ń gbọ́. Àwọn aláìsàn kan ti ròyìn pé etí àwọn hó fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú gbogbo irin inú yàrá náà, èyí ni èmi yóò kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé òun ni ó ní ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn jù lọ.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ yẹ etí wò, kí ẹ sì yẹ párì wò

Bí dókítà kò bá tí ì yẹ ariwo etí yín wò rí, ẹ jẹ́ kí ìyẹn ṣáájú ìtọ́jú eyín tí kò kánjú. Àwọn ilé-ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun, wọ́n sì ní ẹ̀ka eyín pẹ̀lú, tí ó fi jẹ́ pé ẹnìkan lè rí dókítà méjèèjì láìkúrò nínú ọgbà kan. Nígbà mìíràn ìdọ̀tí etí tí ó ti dì ni ó fa ariwo náà, wọn yóò sì yọ ọ́. Ẹ má ṣe fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi ìṣáná ṣe iṣẹ́ yẹn fúnra yín. Ńṣe ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ti ìdọ̀tí wọlé sí i, ó sì lè lu ìlù etí. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìgbọ́ràn, kí ẹ sì tọ́jú ìwé èsì rẹ̀, nítorí pé òun ni yóò jẹ́ ẹ̀rí bí ohunkóhun bá yí padà lẹ́yìn náà.

Ẹ tún ṣe ìdánwò kékeré kan. Ẹ jókòó ní ibi tí ó pa rọ́rọ́, ẹ di eyín pọ̀ gírígírí fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú, kí ẹ sì ya ẹnu gbàgà. Bí ariwo etí bá ga, tí ó lọ sílẹ̀ tàbí tí ohùn rẹ̀ yí padà, ó túmọ̀ sí pé iṣan párì lọ́wọ́ sí bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ. Oríkèé párì wà níwájú ihò etí gan-an, iṣan tí ó sì ń gbé ìmọ̀lára ojú, eyín àti párì lọ sí ọpọlọ ní ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ibi tí ọpọlọ ti ń kọ́kọ́ gba ohùn láti etí. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, yíya ẹnu fún wákàtí kan lè da etí láàmú ju ariwo dírìlì lọ, dókítà sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Ó tún lè jẹ́ pé ẹ ń rún eyín lójú oorun. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun ìbo eyín tí dókítà máa ń ṣe fún ènìyàn láti fi sí ẹnu lóru lè mú ìtura bá párì, nígbà mìíràn ó sì máa ń dé etí pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dùbúlẹ̀

Ẹ gba àyè tí kò ju ìjíròrò àti àyẹ̀wò lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tí aláìsàn bá sọ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ti kún fún òwú kì í já mọ́ nǹkan. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: “Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, mo ní ohun kan láti sọ. Etí mi máa ń hó, apá òsì ni ó sì le jù. Ariwo ẹ̀rọ tí ó bá pẹ́ máa ń mú un le sí i. Mo fẹ́ kí a jọ wo èyí tí a lè fi irin ọwọ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí, kí ẹ sì bá mi máa dáwọ́ dúró láàárín.” Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹni tí ẹ bá bá pàdé bá rẹ́rìn-ín tí ó sì ní ẹ̀rù lásán ni, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn, àyàfi tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti pàjáwìrì.

Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ìwé, títí kan èyí tí ẹ rà fúnra yín. Ẹ béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà àti àkókò tí wọ́n máa ń tàn án. Ó jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú eyín aládàáni, ẹ̀yìn fèrèsé yàrá ìtọ́jú ni jẹnẹrétọ̀ ń ké sí, ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìjókòó àárọ̀ kùtùkùtù sábà máa ń dára jù nítorí pé ara ṣì balẹ̀, èrò kò sì tíì pọ̀. Ẹ sùn dáadáa ní òru tí ó ṣáájú, nítorí pé àìsùn máa ń mú kí ariwo etí le. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n fẹ́ fún yín ní oògùn oorun, ẹ jẹun kí ẹ tó lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ irin tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò

Fífọ eyín ni ó rọrùn jù láti yí padà. Gbogbo ìdọ̀tí líle tí ẹ̀rọ ń gbọ̀n kúrò ni a lè fi irin ọwọ́ ha, bí ó tilẹ̀ gba àkókò àti agbára. Bí ìdọ̀tí náà bá pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n pín ẹnu sí ọ̀nà mẹ́rin, kí wọ́n ṣe ọ̀kan tàbí méjì lọ́jọ́ kan. Àwọn dókítà kan á fi ẹ̀rọ ṣe eyín iwájú díẹ̀ ní agbára tí ó kéré jù lọ, wọn á sì fi ọwọ́ parí erìgì tí ó súnmọ́ etí. Mo fara mọ́ ètò yẹn. Ẹ múra láti san owó díẹ̀ sí i fún àkókò wọn.

Ní ti dídí ihò eyín, dírìlì kò pọn dandan ní gbogbo ìgbà bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ní orílẹ̀-èdè Tanzania, wọ́n gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí a mọ̀ sí ART fún àwọn ibi tí kò ní iná mànàmáná: wọ́n ń fi irin ọwọ́ tí orí rẹ̀ rí ṣíbí-ṣíbí gbẹ́ apá tí ó ti jẹrà kúrò, wọ́n sì ń fi símẹ́ńtì glass ionomer dí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé e lárugẹ ní ọdún 1994. Ohun tí wọ́n ṣe nítorí àìsí iná ti di àǹfààní fún ẹni tí etí rẹ̀ ń hó, ó sì yẹ kí dókítà eyín ní ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n tí ó ní ni pé ihò náà gbọ́dọ̀ tóbi tó kí irin lè wọ̀ ọ́, kò sì gbọ́dọ̀ tíì dé iṣan inú eyín. Silver diamine fluoride náà wà, oògùn olómi tí wọ́n ń fi kan ihò láti dá jíjẹ eyín dúró, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kún àkójọ oògùn tí ó ṣe kókó ní ọdún 2021. Ó ń sọ ibi tí ó ti jẹrà di dúdú títí ayé, nítorí náà ẹ̀yìn ẹnu ni ó ti bójú mu, kì í ṣe iwájú. Bí dírìlì bá pọn dandan, ẹ ní kí wọ́n lo orí tuntun tí ó mú, nítorí pé orí tí ó ti kú máa ń fa iṣẹ́ gùn. Kí wọ́n sì mọ̀ pé dírìlì tí kò yára kì í ké bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ̀n egungun jù. Ẹ lè sọ fún dókítà èyí tí etí yín gbà mọ́ra nínú méjèèjì.

Yíyọ eyín tí ó hù tààrà kò sábà nílò ẹ̀rọ kankan. Ìró tí ó máa ń já ènìyàn láyà níbẹ̀ ni ti egungun tí ń ké bí gbòǹgbò ti ń tú. Ìgbà díẹ̀ ni. Erìgì ìkẹyìn tí kò jáde tán ni iṣẹ́ ńlá, nítorí pé wọ́n lè ní láti gbẹ́ egungun kí wọ́n sì pín eyín náà sí méjì, ní ibi tí ó súnmọ́ etí jù lọ nínú ẹnu. Fún irú èyí, ẹ bẹ oníṣẹ́ abẹ ẹnu tí ó ti mọ́ lára, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n yọ ti apá méjèèjì ní ọjọ́ kan. Àwọn tí ń gbèrò láti fi eyín onírin gúnlẹ̀ sínú egungun párì òkè pẹ̀lú gbọ́dọ̀ béèrè bóyá wọn yóò lo òòlù kékeré, nítorí pé lílù egungun òkè ti mú òòyì líle bá àwọn kan lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Bí ọ̀nà mìíràn bá wà, ẹ yan ọ̀nà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lórí àga

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀yìn àga sókè díẹ̀, pàápàá tí ariwo yín bá ń bá ìlù ọkàn rìn, nítorí pé dídùbúlẹ̀ gbalaja lè mú kí ó hàn sí i. Ẹ ní kí wọ́n fi rọ́bà ìdíwọ́ sí àárín eyín ní ẹ̀gbẹ́ kejì kí iṣan párì má baà máa ṣiṣẹ́ láti ya ẹnu. Ẹ fẹnu kò sí àmì: gbígbé ọwọ́ òsì sókè ni ó dára jù, nítorí pé dókítà tí ó ń lo ọwọ́ ọ̀tún sábà máa ń wà ní apá ọ̀tún yín, ọwọ́ yín kò sì ní gbá irin. Kí dírìlì máa dún fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí ó sinmi, kí ó tún dún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ sì sinmi párì. Ẹ̀rọ tí ń fa itọ́ pẹ̀lú ń ké. Kí nọ́ọ̀sì pa á nígbà tí kò bá sí omi láti fà.

Bí ẹ bá fẹ́ dí etí, ẹ lo irú èyí tí ó ní ihò fún sísẹ́ ohùn, tàbí èyí tí ń bo gbogbo etí, kí ẹ fi í sí kìkì nígbà tí ẹ̀rọ bá ń dún, kí ẹ sì yọ ọ́ lẹ́yìn náà kí ẹ lè gbọ́ ohun tí dókítà ń sọ. Àwọn tí ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn gbọ́dọ̀ pa á tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kí dírìlì tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà ti fi nǹkan bo ẹnu, nítorí náà ẹni tí ń wo ètè kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ní láti gba gbogbo àlàyé kí wọ́n tó bò ó.

Abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kú nílò àkíyèsí pàtàkì kan. Lidocaine ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú adrenaline díẹ̀. Adrenaline lè mú kí àyà máa lù kì-kì-kì fún ìgbà díẹ̀, kí ariwo etí sì tẹ̀ lé e. Èyí kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ariwo tuntun bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ nínú etí kété lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tí ẹ sì ń tọ́ irin wò lẹ́nu, tí òòyì ń kọ́ yín, tí ètè ń kú títí dé ẹ̀gbẹ́ tí wọn kò gún, ẹ gbé ọwọ́ sókè lójú ẹsẹ̀. Àmì pé oògùn náà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ni, ó sì lè yọrí sí gìrì tí wọn kò bá tètè ṣe nǹkan sí i. Ẹni tí etí rẹ̀ ń hó tẹ́lẹ̀ lè rò pé ti àtẹ̀yìnwá ni, kí ó sì dákẹ́. Ẹ má dákẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: oògùn tí ẹ ó gbà àti èyí tí ẹ ó bi wọ́n léèrè

Ásípírínì tí ó pọ̀ ń mú etí hó, ó sì sábà máa ń lọ tí a bá dá a dúró. Ẹni tí dókítà ọkàn fún ní èyí tí ó kéré kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Fún ìrora lẹ́yìn ìtọ́jú, paracetamol ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè fún, kí àgbàlagbà má sì kọjá 4,000 mílígíráàmù, ìyẹn hóró 8 ti 500, láàárín wákàtí 24. Bí kòkòrò bá ti wọ inú ihò eyín, amoxicillin àti metronidazole ni wọ́n sábà máa ń kọ, wọn kì í sì í da etí láàmú. Erythromycin àti azithromycin lè dà á láàmú tí wọ́n bá pọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ kọ̀ jálẹ̀ ni abẹ́rẹ́ gentamicin tí àwọn oníkẹ́míìsì kan máa ń gún fún ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Oògùn yẹn lè pa àwọn irun tíntìntín inú etí tí a fi ń gbọ́ràn, bí wọ́n bá sì ti kú, wọn kì í hù mọ́. Ní ilé-ìwòsàn ńkọ́? Níbẹ̀, dókítà lè ní ìdí pàtàkì láti lò ó, yóò sì máa ṣọ́ ọ. Ní ìsọ̀ oògùn, kò sí ẹni tí yóò ṣọ́ ọ fún yín. Bákan náà, kuináìnì tí wọ́n ń lò fún ibà máa ń mú etí hó gidigidi. Bí ẹ bá wà lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó tán kí ẹ tó lọ ṣe ìtọ́jú eyín tí kò kánjú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lẹ́yìn tí ẹ bá délé

Kí ariwo etí ga díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe ohun àjèjì, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má ṣe wọ inú yàrá tí ó dákẹ́ lọ dùbúlẹ̀ kí ẹ máa tẹ́tí sí i. Ẹ tan fáànù, tàbí kí ẹ fi rédíò sí ohùn ìsàlẹ̀ tí kò borí ariwo etí, kí ọpọlọ lè rí nǹkan mìíràn gbọ́. Ẹ jìnnà sí ibi tí wọ́n to gbohùngbohùn sí ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, ì báà jẹ́ òde ìyàwó tàbí ìsìn alẹ́. Ẹ jẹ ẹ̀kọ, ògì tàbí àmàlà fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sì fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná díẹ̀ lé oríkèé párì. Bí eyín bá ga ju ìkejì rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n dí i, ẹ padà kí wọ́n tẹ́ ẹ, nítorí pé irú eyín bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ènìyàn di párì pọ̀ láìmọ̀.

Bí etí kan bá ṣàdédé di, tí ẹ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lọ rí dókítà etí ní ọjọ́ náà gan-an. Oògùn wà tí ó lè ran ìgbọ́ràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni agbára rẹ̀ ń dín kù, àti pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ìrètí ti kéré gan-an. Ẹ ṣe bákan náà bí òòyì líle bá dé, bí ojú bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí kò sì padà lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti tú, tàbí bí ariwo tuntun bá ń lù bí ọkàn ti ń lù nínú etí kan ṣoṣo.

Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìtọ́jú, ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sínú káàdì yín pé etí yín máa ń hó, irin tí ó lò, bí ó ṣe ń dáwọ́ dúró sí, àti oògùn tí kò gbọ́dọ̀ kọ. Dókítà ẹ̀ka ìjọba máa ń yí padà, ó sì ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn wà lórí ìjókòó náà nígbà tí ẹ bá padà wá.